Láti Òmù-Àrán dé Ẹ̀sìẹ́: àánú tó ń dun ẹni tí a ń ṣàánú fún

Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, oúnjẹ ọmọ àti ìtọ́jú aboyún la sábà máa ń sọ lójú ewé yìí. Lọ́sẹ̀ yìí, ilẹ̀ Ìgbómìnà ni mo fẹ́ kí á jọ rìn dé, nítorí pé ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta tí mo rìn lọ síbẹ̀ jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ kan tó kan ìlera gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ náà ni bí a ṣe ń ṣe sí àwọn tó ní ìpèníjà ara láàárín wa. Kì í ṣe àwọn ìkà èèyàn ni mo fẹ́ bá wí o. Àwọn èèyàn rere ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣàdúrà fún ọmọnìkejì, tó ń fúnni lówó, tó ń dìde fún àgbà nínú ọkọ̀. Irú wa bẹ́ẹ̀ náà la máa ń ṣe ohun tó ń dun ẹlòmíràn, tí a ó sì rò pé oore la ṣe.

Ẹni tí kò bá tíì dé ilẹ̀ Ìgbómìnà rí, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló kó ọ̀pọ̀ wọn sínú ní ìpínlẹ̀ Kwara: Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfẹ́lódùn àti Ìsin. Àwọn ará wọn tó kù wà ní apá Ìlá Ọ̀ràngún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn àgbà wọn á sọ fún yín pé ogbó, ìyẹn àdá tí baba ńlá wọn mú dání, ló fi ọ̀nà hàn wọ́n nínú igbó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní ọmọ Ogbó-mọ-ọ̀nà. Ìlú eégún ni ìlú wọn, ta ni kò gbọ́ orúkọ Ẹlẹ́wẹ̀ rí? Òmù-Àrán, ìlú Olómù, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Láti ọdún 2011 tí yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá láti ibi gbogbo. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìlọrin, ẹ ó gba Ìdófìàn, ẹ ó dé oríta Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà ti pín, kí ẹ tó kọrí sí Òmù-Àrán. Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Ìgbéyàwó ọmọ ìbátan wa kan ló gbé wa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni a jọ lọ. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 50 báyìí. Ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 3 ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn, ó sì sọ ẹsẹ̀ wọn méjèèjì di aláìlágbára. Ọ̀pá méjì tí wọ́n máa ń ki bọ abẹ́ abíyá ni wọ́n fi ń rìn. Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Ìlọrin, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ kí a tó dé gáréèjì.

Ọ̀RỌ̀ GÁRÉÈJÌ

Bí a ṣe dé ìdí ọkọ̀ ni dírẹ́bà kọjú sí mi. Ó ní, "Àǹtí, níbo ni mọ́mì ń lọ?" Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wo dírẹ́bà, wọ́n ní, "Òmù-Àrán ni mò ń lọ." Ó tún kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé wọ́n lè gun ọkọ̀ fúnra wọn?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, dírẹ́bà, ẹnu kò dùn mí."

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síwájú, ó nu àga fún wọn. Nígbà tí wọ́n mú owó jáde, ó ní òun kò ní gbà á, pé sàárà ni òun fi ṣe, kí wọ́n ṣáà máa gbàdúrà fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo dúpẹ́, ọmọ mi, àdúrà wà fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n gba owó ọkọ̀ rẹ. Èmi náà kì í ránṣọ ọ̀fẹ́." Ìgbà yẹn ni ojú ọkùnrin yìí yí padà díẹ̀. Ó gbowó náà ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n kọ oore òun.

Ṣé ẹ rí i, oore tí a kò lè kọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó fẹ́ sanwó bí gbogbo èrò yòókù, a sọ ọ́ di ẹni tí à ń fi ṣe sàárà láìbi í. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti lọ sọ́dọ̀ ààfáà tàbí babaláwo rí mọ̀ pé wọ́n lè ní kí ẹ wá arọ tàbí afọ́jú kan kí ẹ fún un ní nǹkan, kí ọ̀nà yín lè là. Ẹni tó gbé àkàrà wá kò bèèrè bóyá ebi ń pa onítọ̀hún. Òun ló nílò pé kí ẹnì kan gbà á.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ gáréèjì gba ọ̀pá méjèèjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kí ó má baà dí ìdí àga, wọ́n kó o sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n wá to àpò gaàrí àti iṣu lé e. Nígbà tí a dé Àjàṣẹ́-Ìpo, dírẹ́bà dúró kí àwọn èrò lè tọ̀, kí wọ́n sì ra nǹkan. Gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀. Mo ní kí wọ́n bá wa yọ ọ̀pá, wọ́n ní ẹrù ti wúwo lórí rẹ̀, a ò ní pẹ́ dé. Ẹnì kan ní kí mọ́mì má ṣèyọnu, òun á bá wọn ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì kọ́ ni wọ́n fẹ́ o. Ilé ìtọ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ, ojú sì ti wọ́n láti sọ ọ́ jáde láàárín àwọn ọkùnrin. Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi mú ìtọ̀ mọ́ra títí a fi dé Òmù-Àrán. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n kó sábẹ́ ẹrù, kò sì sí ẹnì kan nínú ọkọ̀ náà tó fẹ́ wọn níbi.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tí mímú ìtọ̀ mọ́ra lemọ́lemọ́ lè dá sílẹ̀ fún obìnrin. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara ni kì í mu omi rárá lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jáde, nítorí pé wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ̀ gbígbóná àti àrùn inú kíndìnrín ṣe ń bẹ̀rẹ̀ o. Àìbìkítà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lè di àìsàn ọdún púpọ̀.

ABẸ́ ÀTÍBÀBÀ

Ọjọ́ kejì ni ìgbéyàwó. Òmù-Àrán kún, ìlù ń dún, iyán ń gbóná. Wọ́n gbé àga fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń dáná. Wọ́n ní kí èrò má baà tì wọ́n ṣubú. Èéfín ń fẹ́ sí wọn lójú, wọn kò sì rí ìyàwó, wọn kò rí ọkọ. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri bi mí pé, "Ṣé wọ́n máa jẹ iyán àbí ìrẹsì?" Ìyàwó ilé kan tí a kò mọ̀ rí fi owó bébà lé wọn lórí ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní Ọlọ́run yóò wò wọ́n sàn, ó sì kọjá. Aboyún kan tó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá yí ojú sí apá kejì. Ọmọdé kan dúró, ó ń wo ọ̀pá náà tìyanu-tìyanu, ó la ẹnu láti bèèrè nǹkan, ni ìyá rẹ̀ bá fà á lápá, ó ní, "Má wò wọ́n!"

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún, ni ti aṣọ ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò wọ ọ́ nínú gbogbo ẹbí wa. Wọn kò sọ fún wọn pé aṣọ wà. Nígbà tí mo bèèrè, ìyá ìyàwó ní, "A rò pé wọn ò ní lè wá ni, a ò sì fẹ́ dá wọn ní gbèsè." Bẹ́ẹ̀, mẹ́rin nínú aṣọ tí àwọn èèyàn wọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ti rán an. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán aṣọ ẹbí ti ara wọn, wọn kò sì mọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Òwe yẹn kọ́ wa pé kí a má fi àbùkù ẹni dá ẹni lágara. Ó dára. Àmọ́ a ti sọ ọ́ di pé kí a má bá oníka mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. À ń wojú ẹni tó tẹ̀ lé e wá, à ń bi í ní ohun tó yẹ kí á bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìyá tó fa ọmọ rẹ̀ lápá rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni òun ń kọ́ ọ. Ohun tí ọmọ náà kọ́ ni pé ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn jẹ́ ohun tí a kì í wò. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi í sílẹ̀, ìbéèrè kan péré ni ì bá bèèrè, ẹ̀gbọ́n mi á dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Wọ́n ti dá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn láìmọye ìgbà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ní ti aboyún tó yí ojú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Wíwo arọ, àfín tàbí abuké kò lè mú kí ọmọ inú jọ ọ́. Ojú kọ́ ni ọmọ inú ń gbà jogún nǹkan. Àfín, láti inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá, ó sì lè fara pamọ́ sínú ìdílé fún ọ̀pọ̀ ìran. Rọpárọsẹ̀, kòkòrò àrùn ló ń fà á.

ẸNI ÒRÌṢÀ

Àwọn kan lè sọ pé àwọn baba wa kò bọ̀wọ̀ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Nínú ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, Ọbàtálá ló ń mọ ara ọmọ ènìyàn. Wọ́n ní ẹmu ló mu lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi tọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu títí dòní. Arọ, abuké àti àfín jẹ́ ẹni òrìṣà, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èèwọ̀ yẹn dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti sọ pé ti òrìṣà ni, a ti yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. A bẹ̀rù rẹ̀, a bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n a kò pè é wá síbi àpérò ẹbí.

Ẹ tún wo orúkọ tí à ń pè wọ́n. "Aláàbọ̀ ara": ara ààbọ̀, ara tí kò pé. Lẹ́yìn náà ni "akanda ẹ̀dá" dé. Àwọn oníròyìn òde òní wá ń sọ pé "ẹni tó ní ìpèníjà ara". Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé èwo ni wọ́n fẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ kọ sínú ìwé ìròyìn yín. Lójú mi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni kí ẹ máa pè mí."

NÍ Ẹ̀SÌẸ́

Ọjọ́ kẹta, kí á tó padà sílé, a yà sí Ẹ̀sìẹ́ láti wo àwọn ère. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kàwé láyé àtijọ́ á ti gbọ́ nípa wọn. Ère òkúta ọṣẹ ni wọ́n, wọ́n lé ní 1,000, inú igbó ni wọ́n sì wà látayébáyé kí aráyé tó mọ̀ nípa wọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọdẹ kan ló kọ́kọ́ rí wọn. Ìtàn mìíràn sọ pé àlejò ni gbogbo wọn, tí a sọ di òkúta. Lọ́dún 1933, Ramshaw, òyìnbó tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS wò, kéde wọn fáyé, nígbà tó sì di ọdún 1945, wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Títí dòní, wọ́n ṣì ń ṣe Ọdún Ère lọ́dọọdún.

Ohun ìyanu ni àwọn ère yìí. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí. Obìnrin wà níbẹ̀, ọkùnrin wà níbẹ̀, irun wọn dídì yàtọ̀ síra, ilà ojú wọn hàn ketekete, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn àwọn kan, àdá wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti kán. Òmíràn kò ní orí, òmíràn kò ní apá, òmíràn kò ní ẹsẹ̀. Síbẹ̀, bí àwọn olùwòran ṣe ń kọjá, ohun tó kù lára ère ni wọ́n ń tọ́ka sí. "Ẹ wo irun eléyìí." "Ẹ wo bí eléyìí ṣe di àdá mú." Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú obìnrin òkúta kan tí apá rẹ̀ ti kán, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Àbúrò, o ò rí i? Kò lápá, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ Ọlọ́run kí ó wò ó sàn. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá wò ó."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì dúró de èsì, ère mìíràn ni wọ́n kọjá sí.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin tí kò lè ju ọdún 14 lọ, sún mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú ìrìn. Ṣé kí n bá yín gbé báàgì ni, àbí ẹ fẹ́ kí n kàn máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Báàgì nìkan, ọmọ mi. O ṣeun." Ó gbà á, ó ń rìn lọ, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ télọ̀. Nínú gbogbo ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ọmọ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè lọ́wọ́ wọn kí ó tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan ni èyí mọ́ o. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara lọ́dún 2006, Nàìjíríà sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 2011. Ní oṣù January ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, èyí tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀. Òfin náà ní níbi tí èèyàn bá ti tò sórí ìlà, àwọn ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba ya ó kéré tán iṣẹ́ 5 nínú 100 sọ́tọ̀ fún wọn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ẹni tó ní ìpèníjà ara láti fi ṣagbe, ì báà jẹ́ òbí rẹ̀, ó sì fi ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n sí i. Ó fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo aráàlú ń lò ní ọdún 5 láti tún un ṣe kí ẹni tó ń lo ọ̀pá tàbí àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ọdún 5 yẹn ti pé láti January ọdún 2024. Ẹ wo ilé ìwòsàn, báǹkì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti gbọ̀ngàn ìlú tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ ka iye àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Àwa Yorùbá máa ń sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́. Amúkùn-ún ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá lè dé ibi iṣẹ́, tí a sì ní ọ̀lẹ ni, òkè la wò. Ìsàlẹ̀ ni àtẹ̀gùn, ọkọ̀ tí kò dúró, àti ọ̀gá tó rí ọ̀pá kí ó tó rí ìwé ẹ̀rí. Bí adití bá jókòó láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán ní ilé ìwòsàn tí kò rí dókítà, òkè ni a wò bí a bá ní kò fiyè sílẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń pe orúkọ níbẹ̀, báwo ni ì bá ṣe gbọ́?

Ẹ má sì jẹ́ kí á dúró dìgbà tí ẹnì kan bá di olókìkí kí á tó bọ̀wọ̀ fún un. Gbogbo wa la mọ Yinka Ayefele, ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ oṣù December ọdún 1997 sọ di ẹni tó ń jókòó nínú àga oníkẹ̀kẹ́, tó sì kọrin, tó dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀. Folashade Oluwafemiayo gbé irin, ó gba góòlù ní ìdíje Paralympics ti Tokyo lọ́dún 2021, ó tún gba òmíràn ní Paris lọ́dún 2024. Inú wa dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n télọ̀ tí kò gba góòlù kankan náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó rí ọ̀pá rẹ̀ mú nígbà tó bá fẹ́ tọ̀.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ̀YIN ÀGBÀ

Bíbọ̀wọ̀ fún ẹni tó ní ìpèníjà ara kò ní kí á má dènà èyí tí a lè dènà. Ẹ fún ọmọ ní àjẹsára rọpárọsẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá bí i, kí ẹ sì parí rẹ̀. Lóòótọ́, ní August ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà, àmọ́ irú rẹ̀ mìíràn ṣì ń yọjú níbi tí ọmọ tó gba àjẹsára kò bá pọ̀ tó. Àjẹsára èéyi wà ní oṣù 9 àti oṣù 15, nítorí pé èéyi lè fọ́ ọmọ lójú. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n bí òróró pupa, ẹ má gbé e sínú oòrùn kí ẹ máa retí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ibà pọ́njú tó bá wọ ọpọlọ lè sọ ọmọ di adití tàbí ẹni tí kò lè dá jókòó. Ẹ má fi káfúrà, àwọn kóró funfun olóòórùn yẹn, sáàárín aṣọ ìkókó, ó lè mú kí ibà pọ́njú náà le sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́ ìdí. Abẹ́rẹ́ tó bá ba iṣan jẹ́ lè mú kí ẹsẹ̀ rọ.

Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ọmọ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn bí àlejò bá dé. Ẹ rán an níṣẹ́ bíi ti àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí ó fọ abọ́, kí ó kọ́ oúnjẹ sísè, kí ó ṣubú kí ó sì dìde. Ẹ mú un lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí dé ìparí girama lábẹ́ òfin tí mo sọ lókè yìí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wà ní Ìlọrin fún àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ sì ti ń kọ́ olùkọ́ fún irú wọn láti ọdún 1977.

Ẹ̀yin àgbà wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àjọ WHO sọ lọ́dún 2022 pé ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà lágbàáyé ló ní ìpèníjà ara kan tàbí òmíràn tó lágbára. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, etí á máa wúwo, ojú á máa ṣú, ẹ̀jẹ̀ ríru lè fa àrùn ẹ̀gbà, ìtọ̀ ṣúgà lè gba ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni dókítà á máa bi ọmọ yín pé, "Kí ló ń ṣe bàbá?" tí ẹ sì jókòó níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí rí mọ bó ṣe ń dunni.

Kí wá ni kí á ṣe? Kò pọ̀. Ẹ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀, ẹ má bá ẹni tó mú un wá sọ ọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀pá, àga oníkẹ̀kẹ́ tàbí ọwọ́ afọ́jú láìbèèrè, ẹ má sì gbé e jìnnà sí i. Kọjú sí adití kí ó lè rí ètè rẹ, kí o má pariwo. Ìyá odi ló ń gbọ́ èdè odi, wọ́n ní, ṣùgbọ́n bàbá, ẹ̀gbọ́n àti aládùúgbò náà lè kọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìnáwó, ẹ sọ iye aṣọ ẹbí fún gbogbo ẹbí, kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ sọ bóyá òun á rà á tàbí òun kò ní rà á. Bí ọmọ yín bá sì bèèrè pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ ìyá yẹn, ẹ ní kí ó kí wọn ná, kí ó wá bi wọ́n fúnra rẹ̀ tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀.

Ẹ má ṣíwọ́ àánú o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kàn máa bèèrè kí ẹ tó ṣe é. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.